Yímíyímí Ló Kọ́ Ẹ̀rọ Wa ní Ìrìn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹsẹ̀ fún ohun tí ń rìn, tó sì dá ojú fún ohun tí ń wòkè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àsáláátù wa ní Oju Ore lẹ ní kí n kọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti jáde ilé-ìwé, ẹ ò sì tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa dì mú. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ àhesọ. Ọ̀kan nínú yín tiẹ̀ bi mí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán pé, "Bàbá Kúdí, ṣé òótọ́ ni pé mọ́tò tí ẹ ṣe ti lọ sínú òṣùpá?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣe ohun kankan tó lọ sínú òṣùpá. Wáyà ni mo ń yí. Àmọ́ wáyà yẹn ló mú mi dé ibi tí mo ti fi etí mi gbọ́ bí ẹsẹ̀ kòkòrò ṣe ń sọ̀rọ̀, àti láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí kòkòrò lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi máa ń yà fún un.

Bàbá mi kó wa wá sí Ọ̀tà láti Ìwó nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ń hù ní Sango bí olú lẹ́yìn òjò. Ilé-kéú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé, kí wọ́n tó fi mí sí ilé-ìwé àwọn mùsùlùmí. Alfa wa kì í na ọmọ tí kò mọ kéú. Ọmọ tó bá fo lẹ́tà ló máa ń nà. Á ní, "Tó o bá fo ẹyọ kan, o ti pa ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dàá dà." Mo ka ìyẹn sí ìwà líle lásán nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Sàlámì, ẹni tó ń tún mọ́tò iléeṣẹ́ ṣe létí títì ní Sango. Kí ó lè yé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà: nínú mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ, wáyà bàbà ni wọ́n ká jọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí à ń pè ní kọ́ìlì. Bí iná bá lọ tó tún sáré dé, tàbí tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀, kọ́ìlì á jóná. Iṣẹ́ tiwa ni láti yọ èyí tó jóná, ká sì yí tuntun sí i. Àwọn mọ́tò kan tóbi débi pé àwa ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú Ọ̀gá la máa ń tì wọ́n wọlé, tí a ó máa ké bí ẹni ń fa ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀gá Sàlámì le bí òkúta. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn, bí mọ́tò bá jóná, wọ́n á fi ṣísẹ̀lì gé wáyà dúdú náà kúrò, wọ́n á fojú díwọ̀n èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, ó tán. Lọ́dọ̀ tiwa, èèwọ̀ ni. Ìwọ ọmọ iṣẹ́ á jókòó, wàá máa tú wáyà tó ti jóná yẹn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wàá máa kà á, wàá máa wo ibi tó gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde, èyí tó gorí èkejì àti èyí tó gba abẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó o bá kà á tán lo tó lè fọwọ́ kan wáyà tuntun. Ọ̀sán á pọ́n, ọwọ́ á dúdú, ebi á máa pa ọmọ, Ọ̀gá ò ní wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ráhùn, ó pè mí.

"Ráfíù, ta ló ṣe mọ́tò yìí?"

"Òyìnbó ni, sà."

"O mọ̀ ọ́n rí?"

"Rárá, sà."

"Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ, àbí ìwọ lo gbọ́n jù ú lọ?"

"Ó gbọ́n jù mí lọ, sà."

"Ó dáa. Ẹni tó gbọ́n jù ẹ́ lọ kọ lẹ́tà sí ẹ, o wá fẹ́ fi ṣísẹ̀lì ya lẹ́tà náà kó o tó kà á? Òkú mọ́tò ni tíṣà. Má sin tíṣà rẹ kó o tó gbẹ̀kọ́. Jókòó!"

Mo jókòó. Kàmọ́rù tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́n tó mi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Ọ̀gá lọ kírun Jímọ̀, ó mú ṣísẹ̀lì, ó gé kọ́ìlì mọ́tò kan bí ẹni ń gé ìrèké. Ọ̀gá dé, kò pariwo. Ó kó gbogbo wáyà tí Kàmọ́rù gé sínú abọ́ kan, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Tò ó padà bí o ṣe bá a." Kàmọ́rù to wáyà títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àwa ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti di bàbá tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò báyìí, bí a bá sì pàdé níbi ìsọmọlórúkọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn náà. Á ní, "Wáyà ọjọ́ yẹn ṣì kù tí mi ò tíì tò!"

Bí mo ṣe gba òmìnira àti bí owó ṣe ń wọlé, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ọlọ́run bù sí i, a jẹun, a bímọ. Ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni pé irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Ẹ̀rọ tí a fi ń ká kọ́ìlì nígbà tí mo wọṣẹ́, ara kẹ̀kẹ́ ológeere ni Ọ̀gá ti yọ ọ́: ọwọ́ kan ń yí pẹ́dà, ọwọ́ kejì ń darí wáyà, ẹnu ń kà. Nígbà tó yá, èyí tó ń kà á fúnra rẹ̀ dé. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí mọ kíkà, ṣé ó mọ ohun tó ń kà?" Nígbà tí Ọ̀gá fi máa papò dà, tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi, mọ́tò tuntun olówó pọ́ọ́kú ti ń ti òkè òkun wọlé. Èyí tó bá jóná, iléeṣẹ́ á jù ú nù, wọ́n á ra òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù wa bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ọjọ́ wà tí a ó ṣí i láàárọ̀, tí a ó tì í nírọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní wọlé ju ẹni tó wá béèrè ọ̀nà.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Ìbídùn wọlé. Obìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọmọ Ọ̀ṣun bíi tèmi, ọmọ ìjọ onígbàgbọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Wọ́n ní kò sí mọ́tò tí ẹ ò lè yí."

Mo ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkọ̀ wo ló gbé e wá? Kí àwọn ọmọ lọ bá a yín gbé e sọ̀kalẹ̀."

Ó tú áńkáṣífù kan sórí tábìlì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ.

"Òun nìyí, Bàbá."

"Ohun ìṣeré ọmọ yín ni?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ yímíyímí."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Yímíyímí tí èmi mọ̀, kòkòrò dúdú tó ń yí ìgbẹ́ màlúù kiri ni. Àmọ́ ojú obìnrin náà balẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó máa rìn bíi yímíyímí ni òun ń kọ́, mọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jóná. Mo fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà mọ́tò kékeré náà. Ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Mo kà á bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo yí òmíràn sí i. Nígbà tó padà wá, tó fi iná sí i, tó rí i pé ó ń yí, ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká lọ sí Ìjù. Ó ní ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí."

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni òun pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ṣe ilé ìwádìí ní Ìjù. Àwọn àpótí onígíláàsì wà níbẹ̀, yímíyímí kún inú wọn, wọ́n ń ṣe wàhálà ayé tiwọn lórí iyanrìn. Dókítà mú ọ̀kan tí ó ti so wáyà tíńtín mọ́ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó so òpin wáyà náà mọ́ ẹ̀rọ, ó so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà. Ó ní, "Ẹ tẹ́tí, Bàbá."

Kòkòrò náà gbé ẹsẹ̀. Sípíkà dún: ta-ta-ta-ta, bí gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò. Ó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, ohùn náà dákẹ́. Ó tún gbé e, ó tún dún.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ni, Bàbá. Iṣan ló ń ránṣẹ́. Bí iná ṣe ń gba inú wáyà yín ni ọ̀rọ̀ ṣe ń gba inú iṣan rẹ̀, láti àyà dé ẹsẹ̀, láti ẹsẹ̀ padà sí àyà."

Ẹ̀yin ọmọ mi, irun ara mi dìde. Mo ti lo ọjọ́ ayé mi nínú wáyà tí èèyàn ká, mo sì rò pé ọwọ́ ènìyàn ni wáyà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ká eléyìí? Nínú kòkòrò tí ọmọdé ń tẹ̀ pa, Ẹnìkan ti ká wáyà tí ojú kò lè rí, kò dà á pọ̀, kò fo ẹyọ kan. Mo sọ pé "Sùbúhánallàhi."

Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Dókítà ló ń la ohun gbogbo yé mi. Ó ní ọpọlọ yímíyímí kò tó ẹyọ ọkà bàbà, kò sì ráyè máa pàṣẹ fún ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdì iṣan kékeré wà nínú àyà rẹ̀, tó ń bójú tó ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìdì yìí ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ kan kì í gbéra bí ẹnìkejì rẹ̀ kò bá tíì fìdí múlẹ̀. Mo rántí òwe àwọn àgbà pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, mo sì sọ fún un pé kòkòrò yìí ti gbọ́n ju ejò lọ.

Mo ti ń gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òṣùpá, mo wá bi í pé kí ló kan òṣùpá nínú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ màlúù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ń rán ẹ̀rọ lọ sí òṣùpá àti sí ayé pupa tí wọ́n ń pè ní Máàsì, láti lọ wo ohun tí Ọlọ́run dá síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà Máàsì jìn débi pé bí ẹ̀rọ bá rí kòtò níwájú tó ní kí a sọ ohun tí òun máa ṣe, kí èsì tó dé, ó lè ti ṣubú sí i. Taya kì í sì í dé ibi gbogbo. Ẹ̀rọ tó máa rìn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ronú. Ó ní, "Ta la máa kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá, tí kì í bá ṣe ẹni tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá a?"

Ó mú mi jáde sí oòrùn, ó gbé yímíyímí kan lé orí iyanrìn pẹ̀lú ìṣù ìgbẹ́ rẹ̀. Kòkòrò náà gun orí ìṣù náà, ó yí po bí ẹni ń jó, ó gbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹrù rẹ̀ lọ tààrà bí ẹni tó fi okùn fa ọ̀nà. Dókítà ní ojú ọ̀run ló ń wò, oòrùn àti ìmọ́lẹ̀ tó yí i ká, òun ló fi ń mọ ìhà tó kọjú sí.

Mo ní, "Kíbílà rẹ̀ ló ń wá."

"Ẹ̀hẹ́n! Bàbá ti sọ yímíyímí di mùsùlùmí!"

"Ta ló wá sọ fún un yín pé kì í ṣe ọ̀kan?"

"Ó dáa, bó bá di ọjọ́ Àìkú, èmi á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ká wo èyí tó máa yàn."

Bí a ṣe máa ń bá ara wa ṣeré nìyẹn. Nílé, ìyàwó mi kò rí nǹkan kan tó dùn níbẹ̀. Á ní, "Bàbá Kúdí, gbogbo ọ̀gá iléeṣẹ́ ní Sango ló mọ̀ yín. Àgbà wá dé, ẹ wá ń lọ bá wọn tọ́jú ìgbẹ́ màlúù." Mo ní, "Ìyá Kúdí, ẹní bá rí ohun tí mo rí nínú ìgbẹ́ náà á bọ́ bàtà kó tó sún mọ́ ọn."

A kọ́ ẹ̀rọ kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Èmi ni mo yí gbogbo mọ́tò oríkèé rẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì, ó ń rìn dáadáa. Lórí iyanrìn, àbùkù ni: ilẹ̀ á yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á ṣì máa rò pé òun ti dúró, á fi imú gún ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìròyìn dé pé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní òkè òkun ń wá ẹsẹ̀ tí wọ́n máa lò fún ẹ̀rọ arìnyanrìn ti òṣùpá. Wọ́n ń lọ wo iṣẹ́ àwọn èèyàn káàkiri ayé, wọ́n sì máa wá wo tiwa. Bí wọ́n bá mú tiwa, ilé ìwádìí Ìjù máa dúró. Bí wọn kò bá mú un, owó tó gbé e ró ti tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, Dókítà á gba iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi lọ̀ ọ́ lókè òkun. Ó sọ fún mi pé, "Bàbá, ìlú ẹlòmíràn ò burú. Ṣùgbọ́n ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí kọ́ ìrìn." Ó wá ń gba ohùn iṣan àwọn yímíyímí lórí iyanrìn tó ń yọ̀, kí ó lè mọ ohun tí ẹsẹ̀ wọn ń sọ nígbà tí ilẹ̀ bá já wọn sílẹ̀. Kò tíì gbà á tán nígbà tí àjálù dé.

Ìyá Sídí ló ń gbálẹ̀ fún wa. Èèyàn dáadáa ni, ó mọ́ tónítóní, ó sì mọ àlejò ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ láti òkè òkun, ó ronú bí gbogbo onílé rere ṣe máa ń ronú: àlejò kò gbọdọ̀ bá kòkòrò nílé. Ó dé láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ra ọ̀tápiápiá lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, ó fọ́n ọn yí ilé po, ó ti fèrèsé kí oògùn náà lè mú, ó sì lọ jókòó síta, inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, gbogbo yímíyímí ti dojú ẹsẹ̀ kọ òkè.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ké, "Ìyá Sídí! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Kí ni mo ṣe? Kòkòrò ni mo pa! Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa pa kòkòrò ilé!"

"Aáyán àti ẹ̀fọn la ní, Ìyá! Ti àwọn tó wà nínú àpótí ńkọ́?"

"Àwọn yẹn gan-an ló pọ̀ jù!"

Bí ó ṣe wo ojú Dókítà ni ọ̀rọ̀ wá yé e. Ó wó lulẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Dókítà mú. "Yéè, mo gbé! Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́! Ẹ lé mi lọ, Dókítà, ẹ lé mi lọ." Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó fà á dìde. Ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá. Nítorí tiwa lẹ ṣe ṣe é." Ó wá jáde síta, ó kọjú sí ògiri.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ ti le. Yímíyímí ń dúró de òjò nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá wá a títí dé Ìmẹ̀kọ, ẹ ò ní rí i. Mo lọ dúró ti Dókítà. Mi ò ní ìmọ̀ tí mo lè fi ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò ju ti ọ̀gá mi lọ, òun náà ni mo sì sọ, bí ẹni ń tu ọmọ nínú: "Ọ̀gá Sàlámì máa ń sọ pé òkú mọ́tò ni tíṣà. Kí a má sin tíṣà kí a tó gbẹ̀kọ́."

Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀, ó wọlé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má da kòkòrò kan nù. Ó to àwọn òkú náà, ó mú ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara wọn bí ẹni ń ka kéú. Ọjọ́ ń lọ, kò kúrò nídìí awò náà. Ìyá Sídí á gbé oúnjẹ fún un, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní wọlé.

Ní ọ̀sán kan ni Dókítà kígbe. "Bàbá! Ẹ wá wò ó!" Mo fi ojú sí awò. Nítòsí ibi tí ẹsẹ̀ ti so mọ́ ara, mo rí àwọn òkìtì tíńtín, wọ́n rí róbótó bí ẹni pé ṣónṣó abẹ́rẹ́ ti awọ láti inú. Ó ní òun ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Àwọn ni kòkòrò fi ń mọ̀ bí ẹrù bá wà lórí ẹsẹ̀. "Àmọ́ ohun kan ni mi ò fojú sí, nítorí pé ohùn àwọn alààyè ló gba etí mi. Ẹ wo ìhà tí wọ́n kọjú sí. Àwọn kan dúró báyìí, àwọn kan dùbúlẹ̀ kọjá wọn. Ọ̀wọ́ kan ń sọ pé ẹrù ti dé. Ọ̀wọ́ kejì ń sọ pé ẹrù ń lọ. Ẹ̀rọ tiwa, dídé ẹrù nìkan ló mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ fún un."

Ẹ wo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀! Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ènìyàn, ìgbà tí oore bá dé la máa ń mọ̀; bó bá ń yọ́ lọ lọ́wọ́ wa, a kì í mọ̀ títí a ó fi ṣubú. Yímíyímí mọ méjèèjì.

Iṣẹ́ wá dé ọwọ́ mi. Mo yí wáyà tó tín-ín-rín jù lọ tí mo tíì fọwọ́ kàn mọ́ itan ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní òòró, ọ̀kan ní ìbú, gẹ́gẹ́ bí Dókítà ṣe yà á fún mi láti ara òkú kòkòrò. Bí itan bá tẹ̀ díẹ̀, wáyà á mọ̀ ọ́n. Ojú mi ti ń rẹ̀wẹ̀sì, mo ń da omi bò ó, mo ń yí, mo ń ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run. Ìyá Sídí ló ń di àtùpà oníná mú fún mi. Kò mì.

Ọjọ́ pé. Ibi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn lẹ́yìn Ìjù la gbé ẹ̀rọ lọ, ní ọ̀sán gangan. Ọ̀gá àwọn àlejò, obìnrin àgbà kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, dúró sí abẹ́ agbòòrùn. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ gun òkè iyanrìn náà. Ó bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú. Ẹsẹ̀ náà mọ̀, ó dúró, ó wá ibòmíràn tẹ̀. A mí kanlẹ̀. Ó ń gòkè lọ.

Ní ìdajì òkè ni imú mi gbóòórùn kan. Kò sí ẹni mìíràn tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣi òórùn yẹn mọ̀ láéláé: kọ́ìlì ń jóná. Iyanrìn ti wọnú mọ́tò ẹsẹ̀ àárín kan. Ẹsẹ̀ náà rọ, ó so wálẹ̀ bí apá ẹni tó sùn. Ẹ̀rọ náà fì, ó dúró.

Ó dákẹ́ síbẹ̀. Mo gbọ́ tí Ìyá Sídí ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Olúwa, má jẹ́ kó ṣubú. Má jẹ́ kó bàjẹ́ nítorí tèmi."

Ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn èyí tó kú ló kọ́kọ́ gbéra. Ó fà súnwájú díẹ̀, ó tẹ ilẹ̀ wò, ó tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Èyí tó wà níwájú fà sẹ́yìn láti pàdé rẹ̀. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kejì rọra dúró dè wọ́n. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀! Kò sí ẹni tó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe fi márùn-ún rìn. Ẹ̀rọ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro gòkè, bí yímíyímí tí ẹyẹ já ní ẹsẹ̀ ṣe máa ń tiro lọ, títí ó fi dé orí.

Obìnrin onírun funfun náà wo ọwọ́ Dókítà, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Ta ló ń darí rẹ̀?"

Dókítà ní, "Kò sẹ́ni tó ń darí rẹ̀, Mà."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ nínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, ó ń wo ipa ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ.

A dúró de èsì títí ẹ̀ẹ̀rùn fi lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí Dókítà wá bá mi nílé ní Oju Ore. Ó dúró lójú pópó, kò tíì wọlé, ó ti ń sọ ọ́: wọ́n ti mú ẹsẹ̀ náà. Òun pẹ̀lú wáyà òòró àti ìbú rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò fún ẹ̀rọ òṣùpá, ilé ìwádìí Ìjù ni wọ́n sì ti máa parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìyàwó mi gbé omi fún un, ó ní, "Dókítà, ìgbẹ́ màlúù yìí mà lọ́lá o." Títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí, ẹ̀rọ náà kò tíì kúrò lórí ilẹ̀ ayé. Bóyá á lọ nígbà tí mo bá wà láàyè, bóyá lẹ́yìn mi. Ti Ọlọ́run ni.

Ẹ bi mí irú iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ yàn. Mi ò mọ̀ ọ́n fún yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ yan èyí tí ẹ ó ti máa pàdé ọgbọ́n ẹni tó ju yín lọ lójoojúmọ́, kí ẹ sì ní sùúrù láti kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí èsì dé, Ìyá Sídí wá pè mí. Ó ní kí n sin òun lọ sí ọjà màlúù, òun fẹ́ kó àlejò padà sí ilé ìwádìí Dókítà. A bá àwọn yímíyímí níbẹ̀, wọ́n ti jáde nínú ilẹ̀ tútù, dúdú tó ń dán. Ìyá Sídí gbé abọ́ ọlọ́mọrí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí ìṣù rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ dúró ná." Ó dúró. Kòkòrò náà yí po díẹ̀, ó gbé ojú sókè. Mo rí i pé òjìji àwa méjèèjì ló bò ó mọ́lẹ̀. A rọra fà sẹ́yìn, kí oòrùn rẹ̀ lè kàn án.